Ẹ Má Tíì Wó Ilé Pákó Wa

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Bí mo ṣe kọ 'ilé' báyìí ni ọwọ́ mi dúró, torí ilé yẹn gan-an ló jẹ́ kí n mú bírò. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀ níbí, mo kí yín. Mo kí Màámi, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Kọ́lá àti ìyàwó rẹ̀, mo kí gbogbo àwọn bọ̀ọ̀dá ilé ìlagi tí wọ́n máa ń pè mí ní Ọmọ Káfíńtà nígbà tí mi ò fẹ́ kí wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Ṣé etí òsì yẹn ṣì ń hó?

Ẹ ó máa bi ara yín pé kí ló dé tí ọmọ yín fi lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn dípò kó pè. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ ìlagi ti gba etí yín lọ, ẹ kì í gbọ́ fóònù mọ́. Bí mo bá sì sọ ogún ọ̀rọ̀ fún Kọ́lá, méjì ló máa ń dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ẹ ṣe ń gé pákó ló ṣe ń gé ọ̀rọ̀ mi, èyí tó bá ti gùn, ó ti ki ayùn bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn tí àwọn awakọ̀ gẹdú máa ń já fún yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ máa ń kà á tán pátápátá, títí dé ìpolówó ọṣẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá kà á, tí bàbá tirẹ̀ náà ń gbé ilé pákó, kó fà síbí kó jókòó tì wá.

Kọ́lá pè mí ní ọjọ́ Àìkú. Ó ní búlọ́ọ̀kù ti dé, wọ́n ti tò ó sábẹ́ igi ọsàn, pé bí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì bá ti parí ni bíríkìlà máa wá, kí wọ́n wó ilé, kí wọ́n sì fa ìpìlẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní Bàbá ní kí òun sọ fún Bọ́sẹ̀ pé ohun tó fẹ́ ti ń bọ̀. Mo ní ẹ ṣé, mo pa fóònù. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo wá bírò.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wó o. Ẹ jẹ́ kí n rojọ́ mi kí ẹnikẹ́ni tó gbé òòlù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe ń gbé, torí mi ò tíì sọ òótọ́ ẹ̀ fún yín rí. Fọ́tò yàrá wa tí mo fi ránṣẹ́, ẹ ní ó dára. Lóòótọ́, búlọ́ọ̀kù ni. Sìmẹ́ńtì nílẹ̀, sìmẹ́ńtì lára ògiri, páànù lókè. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ògiri ilé kejì ló sì kọjú sí. Bí mo bá na ọwọ́ jáde, ọwọ́ mi á kan ògiri ọ̀hún. Nígbà òjò, ògiri tiwa máa ń làágùn. Mo máa ń fi aṣọ nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó ní ibà, tó bá sì di ọjọ́ kejì, á tún ti tutù, dúdú á ti hù sí kọ̀rọ̀. Bí oòrùn bá sì dé, ògiri yẹn á mu ooru láti àárọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí a rò pé ara á tù wá, ìgbà yẹn ló máa wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ooru náà lé wa lórí. Ariwo pàápàá ò ríbi gbà lọ. Jẹnẹrétọ̀ ìta, rédíò yàrá ọ̀tún, ìjà tọkọtaya yàrá òsì, gbogbo ẹ̀ á lọ gbá ògiri, á tún padà wá bá mi. Ṣé ẹ rántí ohun tí ẹ máa ń sọ? Pé ilé tí kò bá mí, ẹni inú rẹ̀ ni yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ. Èmi ni mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, Bàbá.

Èèyàn kún inú ilé yìí, yàrá kọjú sí yàrá, ṣùgbọ́n mi ò ní ẹnì kan. Ìyá Sẹ̀kínà ni wọ́n ń pè mí. Ṣé Mọ́rẹ́nikẹ́ ọmọ-ọmọ yín náà ni bàbá rẹ̀ sọ ní Sẹ̀kínà. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé Bọ́sẹ̀dé ni mí. Ọjọ́ tí Kọ́lá pè yẹn, ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ orúkọ mi gbẹ̀yìn lẹ́nu èèyàn. Wàsíù ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Kirikírì, níbi tí wọ́n ti ń fi bájì kó ẹrù lórí omi. Èèyàn dáadáa ni, kí Màámi má lọ sọ pé mo ń ráhùn ọkọ. Ṣùgbọ́n bí bájì bá ti lọ, òun náà ti lọ nìyẹn, ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin. Tó bá dé, oorun ló kù. Màá kàn jókòó tì í, màá máa wo ẹ̀yìn ẹ̀.

Ọmọ yín ti pé oṣù mẹ́jọ. Ojú yín ló gbé, títí kan ìwajú orí. Ṣùgbọ́n kì í sùn lọ́sàn-án. Ooru ti jẹ́ kí nǹkan wẹ́wẹ́ sú sí i lọ́rùn, bí oòrùn bá ti ga, ẹkún ló kù, títí ohùn á fi há. Mo gbé e pọ̀n, mo gbé e sílẹ̀, mo fi omi tútù nu ara ẹ̀, mo kọrin títí orin tán lẹ́nu mi. Bó bá wá dákẹ́, ẹ̀rù á tún bà mí, màá gbé etí lé e láyà kí n mọ̀ bóyá ó ń mí. Mo gbà pé èmi ni mi ò mọ ọmọ tọ́jú. Mi ò sọ fún Màámi, torí mo mọ̀ pé á ní kí n gbé ọmọ wá sílé fún òun, mi ò sì fẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ mi. Òun nìkan ni mo ní tó ń wò mí lójú.

Iṣẹ́ tí mo ní mò ń ṣe ní ọ́fíìsì, ọ́fíìsì ni lóòótọ́, lójú ọ̀nà Wáàfù l'Ápápá, lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde. Èmi ni mò ń gbálẹ̀ ibẹ̀, tí mò ń se tíì. Mo dára pọ̀ mọ́ ìyá Ùròbò kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Ẹfẹ, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Nígbà tí mo débẹ̀, yàrá tí àwọn awakọ̀ tírélà ti ń dúró de ìwé wọn, mi ò fẹ́ràn kí n wọ̀ ọ́. Táìlì funfun, àga irin, gíláàsì tí kò ṣeé ṣí. Bí èèyàn mẹ́rin bá ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹ ó rò pé ogójì ni. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń di ara wọn lọ́rùn aṣọ mú.

Ọ̀gá wa ní ọmọbìnrin kan, Àǹtí Tóyìn, iṣẹ́ kí wọ́n máa yàwòrán ilé ló kọ́. Ó bẹ bàbá rẹ̀ títí tó fi yọ̀ǹda yàrá yẹn fún un. Ó ní kí wọ́n ká àga irin kúrò. Ó kó pákó wá, ó fi tẹ́ ògiri, ó fi ṣe àjà, ó fi kan bẹ́ǹṣì gbọọrọ yí ká. Ó ní kí wọ́n lu ògiri ẹ̀yìn, ó fi fèrèsé ńlá sí i, ó wá to pákó pẹlẹbẹ dàgẹ̀rẹ̀dàgẹ̀rẹ̀ sí ojú fèrèsé náà. Ó ní ara imọ̀ ọ̀pẹ ni òun ti wò ó, pé ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín imọ̀ ọ̀pẹ kọjá, atẹ́gùn ń gbà á kọjá, ṣùgbọ́n oòrùn kì í rí ọ̀nà. Ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ń kó táyà jọ sí, ó gbin igi síbẹ̀. Inú yàrá, ó gbé pèrègún sínú ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Bàbá, ẹ ò bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Màmá Ẹfẹ ní òun ò wọlé, pé òun wá gbálẹ̀ ọ́fíìsì ni, òun ò wá gbá inú pósí, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Awakọ̀ kan dé ẹnu ọ̀nà, ó wo pákó lókè, ó wo pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣí fìlà, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé ta ló kú. Òmíràn wo pèrègún, ó ní háà, wọ́n ti gbé ojúbọ dé Wáàfù, kí wọ́n tètè sọ irú àkùkọ tí òun máa mú wá kí ìwé òun tó jáde. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Àǹtí Tóyìn náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú ń tì í.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Mi ò mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo kàn ṣàkíyèsí pé ohùn wọn ti wálẹ̀. Kò sí ẹni tó lẹ bébà mọ́ ògiri pé kí wọ́n má pariwo. Pákó ló ń gbé ariwo mì. Wọ́n á wọlé pẹ̀lú ìbínú ojú títì, wọ́n á jókòó, wọ́n á fẹ̀yìn tì, wọ́n á máa wo igi ẹ̀yìnkùlé. Bàbá àgbàlagbà kan bọ́ bàtà, ó sùn lọ. Wọ́n pe orúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí wọ́n jí i, ó ní kí wọ́n máa dá àwọn tó kù lóhùn ná. Màmá Ẹfẹ tó sọ pé pósí ni, ibẹ̀ ló ti ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán báyìí. Ó ní ó dáa kí èèyàn máa fi ara kọ́ pósí díẹ̀díẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ìyá àgbà kan tí mo ń sanwó fún kó máa bá mi tọ́jú ọmọ bí mo bá lọ síbi iṣẹ́ ò sí nílé, mo bá gbé Mọ́rẹ́nikẹ́ pọ̀n lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó di ọ̀sán, mo tẹ́ aṣọ sórí bẹ́ǹṣì, mo gbé e lé e, mo dúró de ẹkún. Kò sunkún. Ó na ọwọ́ kúrò lórí aṣọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá pákó, ó gbọ́ bó ṣe dún, ó rẹ́rìn-ín. Ó tún gbá a. Lẹ́yìn náà ó yí ojú síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé láàárín àwọn pákó pẹlẹbẹ yẹn, ó ń wò ó, ó ń wò ó, oorun gbé e lọ. Ọmọ tí kì í sùn lọ́sàn-án.

Mo tẹ̀ ba kí n gbé ọwọ́ ẹ̀ padà sórí aṣọ. Òórùn kan wọ̀ mí nímú. Oòrùn ti ràn sára ògiri láti àárọ̀, pákó ti gbóná, ó ń tú òórùn jáde. Igi ìdígbò ni. Ẹ̀wù yín ti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, èyí tí ẹ máa ń wọ̀ bọ̀ láti ilé ìlagi kí ẹ tó wẹ̀, tí èmi máa ń di mọ́. Mo mú mọ́ọ̀pù lọ́wọ́, mo dúró síbẹ̀, mo sì sunkún bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

Àǹtí Tóyìn wọlé bá mi. Ó bi mí pé kí ló dé, mo ní lẹ́búlẹ́bú pákó ló kó sí mi lójú. Ó wo ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tán, kò já mi nírọ́. Ó jókòó. Ó ní òun náà máa ń wá síbẹ̀ tí ọkàn òun bá wúwo. Ó ní àwọn tó kàwé nípa rẹ̀ ti wò ó dáadáa, pé bí èèyàn bá wà láàárín igi, tàbí láàárín ohun tó fi ara jọ igi àti ewé, àyà èèyàn máa ń rọlẹ̀, oorun máa ń wá, ara tètè ń yá. Ó ní lókè òkun, pákó ni wọ́n ti tún fi ń kọ́ ilé ìwé àti ilé ìwòsàn báyìí, àti ilé alájà gíga pàápàá. Ó ní pákó kì í mú ooru pamọ́ bíi sìmẹ́ńtì, ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, ó sì máa ń tú u sílẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Inú mi ń sọ pé ṣé èyí ni wọ́n ń lọ kọ́ ní yunifásítì. Ẹ ti sọ ọ́ fún mi nígbà tí mi ò tíì mọ ìwé kà. Ẹ ní pákó ò kú, pé ó kàn kó kúrò nínú igbó wá bá wa gbé ni. Ẹ ní ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn fi máa ń wú nígbà òjò tó sì máa ń tú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pé ó ń mí ni.

Mo bá ṣèèṣì sọ pé ìdígbò ni ògiri yìí, àbí? Ó yà á lẹ́nu. Ó ní báwo ni mo ṣe mọ̀. Bàbá, ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yín sọ. Mo ní káfíńtà kan ló wà ládùúgbò wa nígbà tí mo wà ní kékeré.

Ìgbà kejì nìyẹn tí mo sẹ́ yín. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, mo mọ̀ pé ẹ ò gbàgbé, bí ẹ ò tilẹ̀ sọ ọ́ rí. Mo wà ní kíláàsì karùn-ún ní girama. Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì tẹ̀lé mi dé àdúgbò wa. Bí a ṣe ń sún mọ́lé ni ìtìjú mú mi. Mo na ọwọ́ sí ilé búlọ́ọ̀kù olówó kòkó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, mo ní ilé wa nìyẹn. Wọ́n ní èyí tó jẹ́ pákó ńkọ́, mo ní ibẹ̀ ni káfíńtà wa ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ń fági. Etí yín ṣì gbọ́ràn nígbà yẹn. Ẹ nàró, ẹ wò mí, ẹ gbọn èépá igi kúrò lápá. Ẹ ní, ẹ káàbọ̀ o, ọmọ ọ̀gá. Ẹ wá béèrè bóyá kí ẹ bu omi fún wa. Ẹ wọlé, ẹ fi kọ́ọ̀bù tiyín bu omi jáde, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Mo gbà á. Mo mu ún. Mo dá kọ́ọ̀bù padà fún yín níṣojú wọn, mi ò kúnlẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ jẹun, ẹ bi mí pé ṣé mo ti ka ìwé mi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láti ọdún yẹn ni ẹ ti ń sọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù. Gbogbo èèyàn rò pé ikán ló fà á. Èmi mọ̀ pé èmi ni. Nígbà tí mo wá dé Èkó, tí mo ní kí ẹ jẹ́ ká wó o, tí èmi àti Kọ́lá jọ ń dá owó búlọ́ọ̀kù, mò ń ṣe bí ọmọ rere lójú ayé. Ìyẹn náà, ìtìjú ni. Nítorí náà, nígbà tí Kọ́lá ní ẹ ní ohun tí Bọ́sẹ̀ fẹ́ ti ń bọ̀, mo mọ ọjọ́ tí ẹ ń dá mi lóhùn ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó là mí lójú, bí kò tilẹ̀ dùn sọ. Lẹ́yìn tí ọmọ sùn lórí bẹ́ǹṣì yẹn, mi ò lè gbà á gbọ́ pé kò lè sùn bẹ́ẹ̀ nínú yàrá wa. Pákó ò wọ́n l'Ájégúnlẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ń di ẹrù inú ọkọ̀ òkun, tí wọ́n fi ń há a kó má baà yí, wọ́n máa ń tà á, àwọn èèyàn ń fi ṣe ilẹ̀kùn, wọ́n ń fi ṣe ìsọ̀, wọ́n ń fi dáná. Mo ní kí Wàsíù bá mi rà díẹ̀. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní àwọn tó ń gbé ilé pákó létí omi ń fi ojoojúmọ́ gbàdúrà kí wọ́n bọ́ sínú búlọ́ọ̀kù, ìyàwó òun wà nínú búlọ́ọ̀kù, ó ń wọ́ pákó wọlé. Ṣùgbọ́n ó gbé e wá. Èmi fúnra mi ni mo kàn án, láti ilẹ̀ níbi tí ẹní ọmọ wà títí dé ibi tí ọwọ́ ẹ̀ lè tó. Ó tẹ́jú, Bàbá. Ìṣó kan ò wọ́. Àwọn ará ilé wá wò ó, ọ̀kan béèrè bóyá mo fẹ́ ṣí ilé ọtí ni. Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti gbé yín wá sínú yàrá mi.

Ní ọjọ́ kejì, ojú ọmọ pọ́n. Ní ọjọ́ kẹta, ó ń wúkọ́, imú ẹ̀ ń ṣàn, ó sì ń bì. Ẹ mọ̀ pé ọmọ oṣù mẹ́jọ, ohun tí ọwọ́ ẹ̀ bá ti kàn, ẹnu ló ń gbé e lọ. Ó ti ń lá etí pákó yẹn. Mo gbé e, mo sáré dé ilé ìwòsàn láìwọ bàtà méjèèjì. Nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ni ohun tuntun tó wọ yàrá yín. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó ní kí n lọ tú gbogbo ẹ̀ dànù, kí n fọ ibẹ̀, kí n tó gbé ọmọ padà síbẹ̀. Wọ́n fún un lóògùn. Mo tú u pẹ̀lú ọwọ́ tí mo fi kàn án. Wàsíù wà lórí omi. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo jókòó ti ọmọ yẹn, ìyá àgbà ò gba ọmọ tó ń ṣàìsàn, mi ò ní ẹni tó lè bá mi gbé e kí n fi lọ tọ̀. Ẹ bá mi dúpẹ́, ó ti yá pátápátá. Ṣùgbọ́n èmi ò tíì yá.

Nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́, mo ṣàlàyé fún Àǹtí Tóyìn. Ó ní pákó tó bá wá láti òkè òkun, wọ́n máa ń pa kòkòrò inú ẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀. Òmíràn, ooru ni wọ́n fi yan án, òmíràn, oògùn ni wọ́n fi fín in. Pé àmì wà lára ẹ̀ tó ń sọ èyí tó jẹ́. Ó ní yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sẹ́ni tó mọ irú ẹrù tó ti dà sí i lára lójú ọ̀nà. Kò bá mi wí. Ó kàn béèrè jẹ́jẹ́ pé káfíńtà àdúgbò yín ńkọ́, ṣé kò kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń mọ pákó ni?

Bàbá, ẹ kọ́ mi. Mo rí yín láìmọye ìgbà, ẹ ò ní san owó pákó kankan láìkúnlẹ̀ tì í. Ẹ ó gbé imú lé e, ẹ ó fi orí ahọ́n kàn án. Ẹ ní ojú káfíńtà lè purọ́ fún un, imú rẹ̀ kò ní purọ́. Pákó yẹn, mo gbóòórùn ẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé. Ó ń rùn bí ohun tí wọ́n ń fín sí aáyán. Mo gbóòórùn ẹ̀, mo sì sọ fún ara mi pé bóyá bí òkè òkun ṣe ń rùn nìyẹn. Ohun tí ẹ fi kọ́ mi, ojú ló ń tì mí láti lò ó. Ọmọ mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀mí ẹ̀ san án.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ òótọ́. Mo ní kì í ṣe aládùúgbò. Mo ní bàbá mi ni. Mo ní ilé pákó tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ́ ni wọ́n bí mi sí. Màmá Ẹfẹ tó ń bu tíì pa ariwo, ó ní haba, ọmọ káfíńtà ló wá fi pákó olóró tẹ́ ilé fún ọmọ, àfi kí wọ́n fi mí sínú tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn, ó ní kí n má sunkún mọ́, pé bàbá tòun apẹja ni, òun ò mọ omi lúwẹ̀ẹ́.

Àǹtí Tóyìn ní kí n sọ bí ilé náà ṣe rí. Mo bẹ̀rẹ̀, mi ò lè dákẹ́. Mo ní ó dúró lórí ẹsẹ̀ igi ọ̀pẹ̀pẹ̀ kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má baà gùn ún. Mo ní ìdígbò nílẹ̀, tó máa ń tutù lẹ́sẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Mo ní lókè ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ẹ gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ tó rí bí ojú afárá oyin, torí ẹ ní oyin kì í kọ́ ilé tí ooru á pa ọmọ rẹ̀. Mo ní ihò kókó igi kan wà lára ògiri yàrá mi, tí ìmọ́lẹ̀ máa ń gbà wọlé, tó máa ń rìn lára ògiri kejì títí di ọ̀sán, òun ni mo fi ń mọ aago kí n tó mọ aago. Mo ní pákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó máa ń ké bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé ẹ ti dé, oorun á gbé mi lọ. Àǹtí Tóyìn gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán. Ó wá ní òun máa fẹ́ fojú rí i, bí bàbá mi bá gbà. Mo ní wọ́n fẹ́ wó o. Ó béèrè pé ta ló ní kí wọ́n wó o. Mo mú mọ́ọ̀pù mi, mo jáde.

Mo mọ̀ pé ikán ti jẹ ògiri ẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé Màámi ń bẹ̀rù iná, pé èéfín ti sọ ilé ìdáná di dúdú, pé òjò ń jò síbi àpótí rẹ̀. Mi ò ní kí ìyá mi máa gbé inú ìjò nítorí pé ọkàn mi ń fà sílé. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù yẹn kọ́ ilé ìdáná fún un lọ́tọ̀, kí iná jìnnà sí pákó. Ẹ fi tún ẹ̀yìn tí ikán jẹ ṣe. Èyí tó bá ṣẹ́kù, kí Kọ́lá fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n pálọ̀, yàrá mi, ẹnu ọ̀nà yẹn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Bí ẹ bá ti fẹ́ wó o tẹ́lẹ̀ torí pé ó wù yín, mi ò ní lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ torí omi tí ẹ bù fún mi lọ́jọ́ yẹn ni, ẹ forí jì mí, ẹ má fi ilé yín san gbèsè ìtìjú mi.

A máa wá fún ìkórè, èmi àti Mọ́rẹ́nikẹ́, bí Wàsíù bá sì rí àyè, òun náà. Àǹtí Tóyìn ní òun á tẹ̀ lé wa. Bí ẹ bá rí wa lókèèrè, Bàbá, ẹ má dìde. Ẹ jókòó sórí àga yín lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni mo máa wọlé lọ bu omi. Kọ́ọ̀bù tiyín ni mo máa fi bù ú, ẹ̀yin ni mo máa kọ́kọ́ gbé e fún, lórí ìkúnlẹ̀, níṣojú gbogbo ẹni tó bá tẹ̀ lé mi. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa wá sọ fún àlejò wa pé ilé wa nìyí, bàbá mi ló kọ́ ọ.

Kí Ọlọ́run dá orúnkún yín sí, kí ó dá ìyókù etí yín sí, kí ó má jẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ ara yín wó ohun tí ọwọ́ yín gbé dúró. Ẹ bá mi kí Màámi, ẹ ní mo ń jẹun. Ẹ bá mi kí àwọn bọ̀ọ̀dá ilé ìlagi, ẹ ní kí wọ́n máa pe orúkọ yẹn, mo ti ń jẹ́ ẹ báyìí.

Èmi ni ọmọ yín, tí kì í ṣe ọmọ ọ̀gá kankan,

Bọ́sẹ̀dé, Ọmọ Káfíńtà.